Bàtà Inú Ààrò

Ẹsẹ̀ méjì ni Eluned kọ́kọ́ rí, kò rí orí. Àyà rẹ̀ já, ó figbe ta. Ni ọkùnrin kan bá bẹ̀rẹ̀ jáde látinú ààrò ara ògiri, ojú dúdú fún èéfín, eyín nìkan ló funfun.

"Ẹ má bínú. Gethin ni mí, èmi ni mo wá tún ààrò ṣe fún sítóòfù onígi yín."

"Díẹ̀ ló kù kí o dá ẹ̀mí mi légbodò. Lọ bọ́jú ná, kí n mọ ẹni tí mo ń bá jà."

Ó bọ́jú, Eluned sì gbàgbé ìjà. Kí iṣẹ́ tó dé ìdajì, ife tíì kan tó ń gbé fún un ti di méjì, wọ́n jọ ń mu ún ni.

Bàbá Eluned, Emrys, ló fi bíríkì dí ààrò náà nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú. Òtútù ti wá fẹ́ pa á, ló ṣe gbà kí wọ́n ṣí i. Lọ́jọ́ tí Gethin wó bíríkì tán, baba náà wọlé, ó yọjú wo inú ààrò.

"Bàtà dà?"

Gethin ti kó bàtà funfun kan mọ́ pàǹtí, ọkọ̀ sì ti gbé e lọ. Ọmọ ìgboro ni, kò mọ̀ pé lórí òkè Wales níbí, bàtà inú ààrò ló ń ṣọ́ ilé, ẹnìkan kì í yọ ọ́. Eyí tilẹ̀ wá jẹ́ bàtà ìgbéyàwó olóògbé. Eluned alára kò mọ̀.

"Jáde," ni Emrys wí. "Má sì bá ọmọ mi sọ̀rọ̀ mọ́."

Eluned sunkún títí. Ó rò pé ó parí nìyẹn.

Àṣé ààtàn ni Gethin gbà lọ. Nínú òjò ló ti ń fọwọ́ tú òkìtì bíríkì, àfìgbà tó rí bàtà náà. Nígbà tí Emrys ṣílẹ̀kùn tó rí bàtà náà lọ́wọ́ Gethin tí bíríkì ti bó yánnayànna, omijé bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú rẹ̀.

"Ìwọ ni kí o dá a padà síbẹ̀, ọmọ mi."

Gethin dá a padà, ó parí iṣẹ́, ó dáná. Ó wá yíjú sí Eluned.

"Ààrò ilé tèmi ṣófo. Jọ̀ọ́, fún mi ní bàtà rẹ kan."

Eluned wo bàbá rẹ̀. Emrys kàn fi àgbọ̀n júwe ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ ni.

Eluned bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ tẹsẹ̀ òsì, ó gbé e lé Gethin lọ́wọ́. Ilẹ̀ tó fẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́.