Obìnrin Tó Ń Wá Orísun Eyín

Ẹsẹ̀ méjì ni obìnrin onímọ̀ ẹja kan kọ́kọ́ rí lábẹ́ àpótí gíláàsì tí wọ́n ń sin ẹja sí. Mẹkáníìkì tó wá tún ẹ̀rọ omi ṣe yọrí síta, ó rin gbingbin bí adìyẹ tí òjò pa, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá Ẹja ni wọ́n ń pe obìnrin náà níbi iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀.

"Kí lẹ ń wá lára ẹyin ẹja yìí, mà?" mẹkáníìkì bi í.

"Eyín ni. Mo fẹ́ mọ ibi tó ti ṣẹ̀. Àwọn kan ní awọ ara ẹja ayé àtijọ́ ló ti kọ́kọ́ hù kó tó wọ ẹnu. Àwọn kan ní ọ̀fun ló ti bẹ̀rẹ̀."

Ó ní kó yọjú wo inú awò tó ń mú nǹkan kékeré tóbi. Ọlẹ̀ ẹja kan nìyí, eyín bíńtín bíi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ ń yọ nínú ọ̀fun rẹ̀.

"Kò tíì rí oúnjẹ, ó ti ń pọ́n eyín! Olójúkòkòrò lèyí o."

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rọ omi ò bàjẹ́ mọ́, síbẹ̀ mẹkáníìkì ò yé wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ìfẹ́ wọlé. Lóṣù kẹfà, ó ní, "Olólùfẹ́ mi, màmá mi fẹ́ rí ọ."

Àyà obìnrin náà já. Eyín àtọwọ́dá ló kún ẹnu rẹ̀. Eyín ò hù ní erìgì rẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ìyá rẹ̀. Ọkùnrin kan ti mọ̀ rí, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún mẹkáníìkì nìyẹn. Mẹkáníìkì pè é títí, obìnrin náà ò gbé e.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ọkùnrin náà wá bá a níbi iṣẹ́.

"Bó o bá ti rí ẹlòmíì, sọ fún mi. Ojora ti fẹ́ pa mí."

Obìnrin náà ti ilẹ̀kùn. Ó yọ eyín náà sọ́wọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì jìn wọnú.

"Bí mo ṣe rí nìyí. Ọmọ tí mo bá bí lè rí bẹ́ẹ̀."

Ọkùnrin náà wo eyín náà, ó tún wo ojú rẹ̀.

"N ò ní parọ́, ti ọmọ yẹn bà mí lẹ́rù," ó wí. "Ṣùgbọ́n kí n má rí ọ mọ́, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù."

"Màmá ńkọ́?"

"Àwa méjèèjì la jọ máa sọ fún wọn."

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà màmá. Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú. Mẹkáníìkì kan ilẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?"

Mẹkáníìkì fèsì.

"Èmi àti ìyàwó mi ni, mà."