Orúkọ Tó Wà Lẹ́yìn Tẹlifíṣàn

Orí ilẹ̀ pálọ̀ ni wọ́n ti bá òkú Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹsẹ̀ lásán ló wà, àkísà tútù ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Lókè orí rẹ̀, tẹlifíṣàn tuntun tí wọ́n kọ́ mọ́ ògiri ń sọ̀rọ̀ lọ ní tirẹ̀. Ọjọ́rú ni wọ́n gbé e kọ́ síbẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì la wà yìí.

"Ẹ má fọwọ́ kan irin yẹn o!"

Oníná tí àwọn ọlọ́pàá pè wá ló pariwo bẹ́ẹ̀. Ó jáde lọ pa iná gbogbo ilé kó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ògiri.

Sùúrù ni wọ́n ń pe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí wọ́n rán wá. Kì í ṣe pé ó ní sùúrù o, àìní rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló ti lò lẹ́nu iṣẹ́, síbẹ̀ kò tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo òkú kí inú má bí ni.

"Ìwọ lo wọ́ wáyà ilé yìí?" ó bi oníná.

"Èmi ni, ọ̀gá. Lọ́dún tó kọjá. Wáyà iná gba inú ògiri yìí kọjá, mo sì kọ ìkìlọ̀ síbẹ̀ gàdàgbà. Ẹ jẹ́ ká sọ tẹlifíṣàn yẹn kalẹ̀, ẹ óò rí i."

Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì pupa ni oníná fi kọ ọ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì tó àtẹ́lẹwọ́: IKÚ WÀ NÍBÍ. Ẹ MÁ LU IHÒ. Ihò mẹ́rin ni ẹni tó ṣiṣẹ́ náà lù. Ọ̀kan gba àárín IKÚ kọjá ṣánṣán. Síkúrú tó wà nínú ihò yẹn ti bó ara wáyà, irin tó gbé tẹlifíṣàn dúró sì ń gbé iná láti ọjọ́ náà. Tíṣà nu ilẹ̀ tán, ó ní kí òun nu eruku ara irin. Ibẹ̀ ló parí sí.

"Ẹni tó lu ihò sáàárín ọ̀rọ̀ yìí mọ ohun tó ń ṣe," oníná wí. "Ìpànìyàn nìyí."

Sùúrù ti bẹ̀rẹ̀ síwájú. Sítíkà tó wà lẹ́yìn tẹlifíṣàn ló ń wò. Òfin ni pé ẹni tó bá fẹ́ máa to tẹlifíṣàn àti sípíkà sínú ilé onílé gbọ́dọ̀ gba ìwé-àṣẹ. Ó gbọ́dọ̀ kọ́ṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin, kó yege nínú ìdánwò orí ìwé, kó sì san owó adójútòfò. Ilé tó bá ti ṣiṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ lẹ sítíkà tó ní nọ́ńbà ìwé-àṣẹ rẹ̀, kó fọwọ́ sí i. Bí aburú bá ṣẹlẹ̀, ìjọba á mọ ẹni tí wọ́n máa mú.

Sítíkà yìí ní nọ́ńbà. Dípò ìfọwọ́sí, odindi orúkọ obìnrin kan ló wà níbẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dá dúró bí iṣẹ́ àmúrelé ọmọ kíláàsì kìíní.

Ìyàwó Tíṣà dé láti ilé ọmọ rẹ̀ ní ọ̀sán. Ẹkún kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Ó pè mí ní Ọjọ́rú. Ó ní ẹni tó wá ṣiṣẹ́ mọṣẹ́ gan-an. Ó ní nígbà tí òun pè é ní ọ̀gá, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí wọ́n fi jọyè. Ó ń rẹ́rìn-ín, ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín."

Wọ́n mú obìnrin tó ni nọ́ńbà náà wá. Ìyá ọlọ́mọ méjì ni, ìka ọwọ́ rẹ̀ kún fún àpá wáyà.

"Ọ̀gá, n kò dé ilé yẹn rí. Ẹ wo ojú mi. N kò dé ibẹ̀ rí!"

Sùúrù ti fọ́tò sítíkà náà sí i níwájú. Obìnrin náà wò ó. Ó tún wò ó.

"Èmi ni," ó wí níkẹyìn.

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ ní o kò dé ibẹ̀."

"Mo parọ́ ni. Èmi ni mo ṣe é."

"O ò rí ìkìlọ̀? Lẹ́tà tó tó àtẹ́lẹwọ́?"

"N kò rí i. Ẹ tì mí mọ́lé, ọ̀gá. Ẹ má wá ẹlòmíì lọ."

Wọ́n kọ sítétímẹ́ǹtì rẹ̀. Ó fa ìlà kan lọ́ yípo sábẹ́ rẹ̀, ó fi àmì tóótó méjì sí i, ó parí. Sùúrù gbé ìfọwọ́sí yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ tó wà lára sítíkà. Ara fu ú. Bí ẹjọ́ yìí bá dé iwájú adájọ́, obìnrin yìí lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá, ó sì ń bẹ̀bẹ̀ fún un bí ẹni ń tọrọ omi.

Ẹnì kan ṣì wà tó ní ìdí láti kó o sí wàhálà. Alábàádíje rẹ̀ ni, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Kóòtù, nítorí òòrùn ìbáà mú bí iná, kò ní bọ́ kóòtù. Ìgbà mẹ́ta ló ti kọ̀wé ẹ̀sùn mọ́ obìnrin náà ní ọ́fíìsì ìwé-àṣẹ.

"Ìwọ lo jí sítíkà rẹ̀?"

"Ọ̀gá, oníbàárà rẹ̀ ni mo fẹ́ gbà, kì í ṣe ẹ̀mí rẹ̀!" Kóòtù nu òógùn ojú. "Inú dúrọ́ọ̀ tí a tì pa la ń kó ìwé sítíkà sí. Ẹni tí tirẹ̀ bá sọnù, iṣẹ́ rẹ̀ ti bàjẹ́. Ará ilé ẹni nìkan ló lè rí i mú."

"Níbo lo wà ní Ọjọ́rú?"

"Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọdọọdún ni. Ẹni tí kò bá jókòó síbẹ̀ láàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, wọn ò ní tún ìwé-àṣẹ rẹ̀ ṣe. Gbogbo wa la wà níbẹ̀."

"Gbogbo yín?"

"Obìnrin yẹn náà. Iwájú mi gan-an ló jókòó sí, gèlè rẹ̀ ò jẹ́ kí n rí pátákó."

Sùúrù lọ wo ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́jọ́ náà. Ìlà tó lọ́ yípo wà níbẹ̀ pẹ̀lú tóótó méjì, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Obìnrin tó wà látìmọ́lé kò ṣe iṣẹ́ náà. Fọ́tò náà ló rí, ló sì mọ ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Sùúrù gba ṣọ́ọ̀bù obìnrin náà lọ. Ìwé-àṣẹ obìnrin náà wà nínú férémù lára ògiri. Bàbá arúgbó kan tí ojú rẹ̀ jọ ti obìnrin náà tẹ̀ sórí sípíkà, ó ń fi òjé gbígbóná lẹ wáyà kan tí kò nípọn ju okùn ìránṣọ lọ. Ìgbálẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ìwé yìí."

Bàbá náà gba ìwé, ó wò ó díẹ̀, ó dá a padà. "Ọ̀gá, ojú mi ò dáa mọ́. Mo gbàgbé jígí ojú mi sílé."

Sùúrù wo wáyà tín-ín-rín náà. Inú rẹ̀ bàjẹ́. Ó ti ń retí pé kí òun rí ìkà ènìyàn kan.

"Ta ló kọ́ ọmọ yín níṣẹ́ yìí?"

"Èmi ni. Ogójì ọdún ni mo ti ń ṣe é kí wọ́n tó gbé òfin yìí dé. Níbo ni ọmọ mi wà? Ó fi fóònù ẹlòmíì pè mí láàárọ̀, ó ní kí n má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀."

"Ó wà ní àgọ́ wa, Bàbá. Tíṣà tí wọ́n to tẹlifíṣàn sí ilé rẹ̀ ní Ọjọ́rú ti kú. Iná ló pa á. Ọmọ yín ní òun ló ṣiṣẹ́ náà."

Irin gbígbóná bọ́ lọ́wọ́ bàbá náà.

"Tíṣà kú? Ó fún mi ní omi tútù. Ó ní, 'Ọ̀gá, ẹ jókòó, ẹ sinmi.'" Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Ọmọ mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Èmi ni mo mú dírílì. Èmi ni mo lu ihò."

"Ẹ rí ohun tí wọ́n kọ sára ògiri?"

"Mo rí i, ó hàn ketekete nígbà tí mo ká kàlẹ́ńdà tó bò ó kúrò; Tíṣà ti lọ bu omi wá. Mo ṣebí àmì àwọn tó kun ilé ni, mo ní tẹlifíṣàn á sáà bò ó. Bàtà rọ́bà wà lẹ́sẹ̀ mi, iná ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ọ̀gá, n kò mọ̀wé. N kò mọ̀ ọ́n kà rárá."

"Kí ló gbé yín débẹ̀?"

"Ìdánwò orí ìwé ni wọ́n ní ká wá ṣe. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí ọwọ́ mi mọ̀. Ìgbálẹ̀ ló kù fún mi nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo fi ọwọ́ ara mi dá sílẹ̀. Oníbàárà á wọlé, á wò mí kọjá, á ní, 'Ọ̀gá dà?' Tíṣà wá pe fóònù ṣọ́ọ̀bù, ọmọ mi ti lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ó ní, 'Ọ̀gá, ṣé ẹ lè wá lónìí?' Èmi ló pè bẹ́ẹ̀."

"Orúkọ ọmọ yín tí ẹ wá kọ ńkọ́?"

"Ṣé kí n kó ẹ̀bi bá ọmọ mi ni? Wọ́n ní sítíkà gbọ́dọ̀ ní orúkọ, orúkọ rẹ̀ nìkan ṣoṣo ni mo sì mọ̀ ọ́n kọ láyé yìí. Kíláàsì kìíní ló wà nígbà tó kọ́ mi. Ó ní lọ́jọ́ kejì òun á kọ́ mi ní tèmi. Ojú tì mí, mo ní ó ti tó." Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Wọn ò sọ ikú ta ni."

Ní àgọ́, nígbà tí ọmọ náà rí bàbá rẹ̀, ó pariwo. "Mo ní kí ẹ má sọ̀rọ̀! Bàbá mi, mo ní kí ẹ má sọ̀rọ̀!"

"Ọmọ mi, ó tó gẹ́ẹ́."

Sùúrù sọ fún ọmọ náà pé kó máa lọ sílé, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì ìwé-àṣẹ máa gba ìwé rẹ̀. "Ìwọ lo fún un ní kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ náà."

"Bàbá mi ni, ọ̀gá. Ṣé kí n ti dúrọ́ọ̀ mọ́ bàbá mi lójú ni?"

Sùúrù ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ bàbá náà sílẹ̀. Wọ́n ka sítétímẹ́ǹtì sétí bàbá arúgbó náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ọlọ́pàá kan na bírò sí i, kò ro ohun tó ń ṣe. Bàbá náà gbà á, ó tẹ̀ síwájú, ó rọra bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ ọmọ rẹ̀.

Ọmọ náà bú sẹ́kún. Sùúrù di ọwọ́ arúgbó náà mú.

"Ẹ má kọ ìyẹn mọ́, Bàbá," ó wí. "Àtàǹpàkò lẹ máa tẹ̀."

Òun fúnra rẹ̀ ló lọ gbé tàdáwà wá. Ó di àtàǹpàkò náà mú, ó sì dúró títí ọwọ́ tí kì í gbọ̀n fi yéé gbọ̀n.