Wáyà Abẹ́ Tàpẹ́tẹ́

Iná wà ní Obiagu, ní ìlú Enugu, láti òru mọ́jú, ó sì tún wà nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé náà mọ́. Èyí nìkan ti tó láti mú inú Sàbúrátù dùn. Ó ti pọn omi kún garawa, ó ti fọ aṣọ ilé ìwé ọmọ rẹ̀, ó sì ti sá a sẹ́yìnkùlé. Àbdùlgàfár, ọkọ rẹ̀, tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, dúró ní pálọ̀, ó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì tí yóò wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

"Kí ló ń rùn bí rọ́bà tó ń jó yìí?" Màmá ló bèèrè. Màmá ni ìyá Àbdùlgàfár. Ọ̀fà ló ti wá, kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tó dé, ó ní òun fẹ́ fojú kan Rodiyat, ọmọ ọmọ òun tí wọ́n bí sí Enugu, tó gbọ́ Pijin ju Yorùbá lọ.

Àbdùlgàfár fa áyọ́ọ̀nù yọ lára ẹkisitẹ́ńṣọ̀n. Ó fọwọ́ kan ẹkisitẹ́ńṣọ̀n náà, ó yára gbọ́wọ́ kúrò. Ó gbóná.

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, Màmá. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná ló bàjẹ́, òun la ṣe ń fa iná láti pálọ̀ lọ síbẹ̀. Màá pe oníná kó wá wò ó."

"Ẹ ti ń sọ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ààwẹ̀, Bàbá Rodiyat," ni Sàbúrátù wí láti ilé ìdáná.

"Mo gbọ́. Kò ní pẹ́." Ó wọ bàtà rẹ̀, ó kí ìyá rẹ̀ pé ó dàbọ̀, ó jáde.

Ẹkisitẹ́ńṣọ̀n ọ̀hún kì í ṣe gidi. Irú àwọn tí wọ́n ń gbé kiri lójú pópó ni, wáyà rẹ̀ tín-ín-rín bí okùn bàtà, ó sì gùn ju ohun tí wọ́n nílò lọ. Ojú Màmá kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Kó má baà fẹsẹ̀ kọ́ wáyà ṣubú, Sàbúrátù ká èyí tó ṣẹ́kù jọ, ó fi rọ́bà dì í, ó sì tì í sábẹ́ tàpẹ́tẹ́, kápẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ìtọ́jú ló pè é. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé wáyà tí a ká jọ, tí a tún fi nǹkan bò, kò ríbi mí sí.

Nígbà tó di ọ̀sán, Rodiyat gbé fóònù ìyá rẹ̀ wá. "Mummy, you promise. That small-small doughnut wey round like ball."

Sàbúrátù rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ tí í fi afẹ́fẹ́ gbígbóná dín nǹkan, tí wọ́n ń pè ní éà-fúráyà, wà lórí tábìlì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló fi ta á lọ́rẹ. Ó po fúláwà mọ́ ṣúgà, yíìsì àti iyọ̀ díẹ̀, ó da mílíìkì lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i, ó fọ́ ẹyin kan sí i, ó pò ó títí tí kò fi lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́. Ó fi aṣọ bò ó kó wú. Nígbà tó wú tán, ó gbé e kalẹ̀ síwájú Màmá àti Rodiyat, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí i ní róbótó-róbótó. Abọ́ omi kan wà láàárín wọn tí wọ́n fi ń ṣan ọwọ́.

"Ṣé púfù-púfù kọ́ nìyí?" Màmá bèèrè.

"Ó fara jọ ọ́, Màmá, ṣùgbọ́n kò ní wọnú òróró. Bọ́tà díẹ̀ la ó fi pa á lára. Ẹ rántí pé wọ́n ní kẹ́ ẹ ṣọ́ òróró nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru."

"Ọlọ́run á jẹ́ kí o jẹ èrè rẹ." Màmá gbé ọ̀kan sókè, ó fi han ọmọ náà. "Wò ó, tèmi ló dára jù."

"Na lie, Grandma!" Rodiyat bú sẹ́rìn-ín.

Sàbúrátù tò wọ́n sínú agbọ̀n ẹ̀rọ náà, ó fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn, ó sì ti púlọ́ọ̀gì rẹ̀ bọ ẹkisitẹ́ńṣọ̀n. Fìríìjì ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó tún ki kẹ́tù bọ̀ ọ́, nítorí Màmá fẹ́ mu tíì. Ohun mẹ́ta tí ebi iná ń pa, lára wáyà kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, òórùn dídùn gba ilé kan. Ni òjò bá ṣú.

"Aṣọ mi o!" Sàbúrátù sáré lọ sẹ́yìnkùlé.

Aṣọ ilé ìwé ọmọ ló ń ká nígbà tó gbọ́ igbe. Kò kọ́kọ́ kà á sí. Ìgbà tó yá ló gbọ́ ọ dáadáa: "Mummy! Fire! Grandma! Grandma!"

Èéfín dúdú ló pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Tàpẹ́tẹ́ ń jó, iná ti mú aṣọ ojú fèrèsé. Màmá, tó ti dáná igi jálẹ̀ ayé rẹ̀, ṣe ohun tó mọ̀: ó gbé abọ́ omi, ó dà á sórí iná. Ṣùgbọ́n iná yìí kì í ṣe iná igi. Inú wáyà ló ti wá, omi sì ni ọ̀nà tó fẹ́ràn jù. Ẹsẹ̀ lásán ni Màmá fi dúró lórí ilẹ̀ tútù. Ó ti ṣubú, apá rẹ̀ ọ̀tún nà sára wáyà tó bó, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹnu rẹ̀ là, kò sì lè ké.

Sàbúrátù na ọwọ́ láti fà á.

"No touch am! No touch am!" Ọ̀gbẹ́ni Jacob, onílé wọn, ló ń sáré bọ̀. Ó kọjá sídìí mítà, ó pa iná gbogbo ilé. Ìgbà náà ni ara Màmá rọ̀. Ìró rẹ̀ ti gbiná nísàlẹ̀. Sàbúrátù fi kúbùsù bò ó, ó pa á. Jacob àti àwọn ará ilé fi yanrìn pa èyí tó kù.

Apá Màmá jó dé ìgbọ̀nwọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì bó. Síbẹ̀ ó la ojú. "Ọmọ ńkọ́?" ni ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ. Rodiyat dúró sí kọ̀rọ̀, ìyẹ̀fun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, nǹkan kan kò ṣe é.

Ìyá Mark, aládùúgbò wọn, ti ń wá kẹ̀kẹ́. "Make we carry am go hospital now-now!"

Ṣùgbọ́n Sàbúrátù ti gbé ẹyin tó ṣẹ́kù. Bí ìyá tirẹ̀ ti máa ń ṣe nílé nìyẹn. Ó fọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí apá Màmá, ó rọra fi ìka pa á yí ká, omijé ń dà lójú rẹ̀. Nígbà tí Àbdùlgàfár dé, Màmá di aṣọ rẹ̀ mú.

"Gàfárù, má gbé mi lọ sí ọsibítù. Ta ló máa gbọ́ èdè mi níbẹ̀? Bí mo bá ní mo fẹ́ mu omi, ta ni mo máa sọ fún? Ẹ jẹ́ kí n wà lọ́dọ̀ yín. Ara mi ti ń balẹ̀."

Àbdùlgàfár wojú ìyàwó rẹ̀. Wọ́n gbà fún un. Wọ́n ra oògùn ìpara ní kẹ́míìsì, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ibùsùn. Fún ọjọ́ díẹ̀, ó dà bí ẹni pé yóò sàn. Lẹ́yìn náà, apá wú, ó ń rùn, ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bí omi kóòkì. Ibà gbé e títí tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ ọkọ rẹ̀ tó ti kú.

Dókítà tó gbà wọ́n ní ilé ìwòsàn jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin kan, agùnbánirọ̀, Abímbọ́lá lorúkọ rẹ̀. Bó ti gbọ́ ohùn Màmá, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Níbo ló ń dùn yín?"

Màmá yí ojú sí i. Ẹ̀rín díẹ̀ yọ lẹ́nu rẹ̀. "Ṣé ọmọ wa nìwọ náà?"

Sàbúrátù jáde lọ fi orí ti ògiri.

Nígbà tí dókítà jáde, ó bèèrè ohun tí wọ́n fi sí ojú ọgbẹ́ náà. Wọ́n sọ fún un.

"Awọ ara ni odi ilé wa," ó wí. "Bí iná bá ti bó o, ẹnu ọ̀nà ti ṣí. Ẹyin tútù ní kòkòrò tí ojú kò rí nínú. Ògì, ọṣẹ ìfọyín àti iyọ̀ náà, wọ́n máa ń dá kún ìpalára ni."

"Kí ló yẹ ká ṣe, Dókítà?" ni Àbdùlgàfár bèèrè.

"Omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn, tó tutù níwọ̀nba. Kì í ṣe yìnyín. Kó máa ṣàn síbẹ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú. Kẹ́ ẹ bọ́ òrùka kí ọwọ́ tó wú, kẹ́ ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó fẹ́rẹ́, kẹ́ ẹ sì máa bọ̀. Iná mànàmáná kì í jó awọ nìkan, inú ló ń gbà kọjá. Ó lè ba kíndìnrín àti ọkàn jẹ́ nígbà tí ojú ọgbẹ́ ṣì kéré. Ẹni tí iná bá gbé, bó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ọsibítù ló kàn. A ó gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ẹ pẹ́."

Wọ́n gbìyànjú lóòótọ́. Màmá kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n sì sin ín sí itẹ́ òkú Mùsùlùmí ní Enugu kí oòrùn tó wọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ yòókù tó ráyè dé láti Ọ̀fà. Láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ló sùn sí.

Ẹ̀gbọ́n Àbdùlgàfár obìnrin pè lórí fóònù, ó ń sunkún. "Sàbúrátù, ṣé nítorí dónọ́ọ̀tì lẹ ṣe pa ìyá wa?"

Àbdùlgàfár gba fóònù lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má dá a lẹ́bi. Èmi ni mo fọwọ́ kan ẹkisitẹ́ńṣọ̀n yẹn láàárọ̀ tí mo gbọ́wọ́ kúrò. Mo mọ̀ pé ó gbóná. Mo jáde lọ."

Jacob mú oníná wá, ó tún gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé náà ṣe, ó sì tọrọ àforíjì pé òun ti fi ìyẹn falẹ̀ jù. Àtúnṣe náà dára. Ẹni tí ì bá jẹ àǹfààní rẹ̀ kò sí mọ́.

Èyí tó le jù lọ fún Sàbúrátù kì í ṣe ẹ̀bi àwọn àna. Rodiyat kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́, kò sì jẹ ohunkóhun tó bá rí róbótó. Ní ọjọ́ kan tí ìyá rẹ̀ ń dì í nírun, ó béèrè kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Mummy, na my doughnut kill Grandma?"

Sàbúrátù yí i padà, ó gbé e mọ́ àyà. "Rárá, ọmọ mi. Oúnjẹ kọ́, ìwọ sì kọ́. Àwa àgbà la gbóòórùn wáyà tó ń jó, àwa la kò ṣe nǹkan kan." Ó tún un sọ ní Pijin kó lè yé e: "No be you. Na we." Títí di òní, Sàbúrátù kò mọ̀ bóyá ọmọ náà gbà á gbọ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé, kò sí ohun tó burú nínú ẹ̀rọ ìdínǹkan, kò sì sí ohun tó burú nínú kí ìyá ṣe ìpápánu fún ọmọ. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá ń fi iná gbóná, áyọ́ọ̀nù, kẹ́tù tàbí ẹ̀rọ ìdínǹkan, ara sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri tó dára ni kẹ́ ẹ fi í sí, lóun nìkan. Ẹ má fi tàpẹ́tẹ́ bo wáyà. Bí iná bá sọ láti inú wáyà, ẹ má da omi sí i, ẹ má sì fọwọ́ kan ẹni tí iná gbé títí ẹ ó fi pa iná gbogbo ilé. Ẹ fi ibi tí wọ́n ti ń pa á han gbogbo ẹni tó wà nílé, àti àgbà tó wá kí yín pàápàá. Bí apá yín kò bá ká a, ẹ kó ènìyàn jáde, ẹ pe panápaná.

Bí ẹkisitẹ́ńṣọ̀n kan bá ń gbóná nílé yín lọ́wọ́lọ́wọ́ bí ẹ ti ń ka ìwé yìí, ẹ gbé ìwé kalẹ̀ ná. Ẹ lọ yọ ọ́.