Orí Ẹlòmíràn Lọ́rùn Sàlíhà

Ọjọ́ tí Sàlíhà kọ́kọ́ rí ara rẹ̀ lẹ́bàá títì ní Ayigya ní Kumasi, orí ẹlòmíràn ló wà lọ́rùn rẹ̀.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì tròtró ni. Báńà òkú kan wà lára ògiri ilé oúnjẹ tó kọjú sí ibùdókọ̀, ó ga ju ẹnu ọ̀nà lọ, wọ́n fi pupa àti dúdú yí etí rẹ̀ ká bí àwọn Asante ṣe máa ń ṣe é. Obìnrin kan dúró nínú rẹ̀, ó wọ kẹ́ńtè, ó fọwọ́ òsì lé ìbàdí. Sàlíhà mọ kẹ́ńtè náà. Ó mọ ọwọ́ náà pẹ̀lú, nítorí àpá áyọ́ọ̀nù tó jó o nígbà èwe wà ní ọrùn ọwọ́ níbẹ̀, gbọọrọ bí ewé àlùbọ́sà. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó tún wo ti ara ògiri. Ṣùgbọ́n ojú tó wà lókè ọrùn yẹn, ojú ìyá àgbà kan ni, ó ti hun jọ, ó ń wo àwọn tó ń jẹ fùfú nísàlẹ̀ bí ẹni pé ebi ń pa òun náà.

Iṣẹ́ módẹ́ẹ̀lì ni Sàlíhà ń ṣe. Kì í ṣe irú èyí tó ń wọ bàálù lọ sílùú òyìnbó o, ti Kumasi ni tirẹ̀. Àwọn tó ń ta aṣọ ní Kejetia àti àwọn aránṣọ a máa pè é, á wọ kábà tuntun, á dúró níwájú aṣọ funfun, wọ́n á ya fótò rẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí bébà fífẹ̀ tí wọ́n ń kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Oníbàárà á nàka sí i, á ní, "Bí èyí ni kó o rán an fún mi." Ọrùn aṣọ ni wọ́n ń wò, apá aṣọ ni wọ́n ń wò. Kò sẹ́ni tó ń wo ojú Sàlíhà, òun náà kò sì bá wọn jà sí i.

Kwame ló máa ń ya fótò náà. Òun kan náà ló ń tẹ báńà òkú ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nítòsí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn Asante kì í fi òkú wọn pa mọ́. Bí èèyàn wọn bá kú, gbogbo àdúgbò ni yóò rí ojú rẹ̀, ní títóbi, nínú aṣọ tó dára jù. Bó bá wá jẹ́ pé fótò kékeré ara káàdì nìkan ni olóògbé ní, Kwame á gé orí yẹn, á gbé e lé ara ẹlòmíràn tó múra dáadáa. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, kò sì sẹ́ni tó ń bèèrè ẹni tó ni ara.

Sàlíhà fi ìbínú wọ ṣọ́ọ̀bù náà. Twi, èdè àwọn Asante, ni àwọn méjèèjì jọ ń sọ.

"Kwame, o ti sọ mí dòkú?"

Kwame dìde nídìí kọ̀ǹpútà. "Sister, mepa wo kyɛw, má bínú. Ọmọ màmá yẹn wá síbí, ó ń sunkún. Ó ní ìyá òun ò wọ kẹ́ńtè rí láyé ẹ̀, oko ló ń ro títí tó fi kú. Nígbà tí mo gbé orí màmá náà lé ara ẹ, ó dákẹ́ ẹkún. Ó ní, 'Maame, ẹ mà rẹwà o.'"

Ìbínú Sàlíhà rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná tí wọ́n da omi sí. Kwame rò pé ẹ̀bẹ̀ òun ló ṣiṣẹ́. Kò mọ ohun tó fọwọ́ bà.

Mariama lorúkọ ìyá Sàlíhà. Ó kú nígbà tí ọmọ náà ṣì ń rákò. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, àtọjọ́ tó ti pẹ́ ni àwọn bàbá wọn ti ń ṣòwò ní zongo, àdúgbò àwọn àlejò ní Kumasi, Mùsùlùmí sì ni wọ́n, nítorí náà ọjọ́ tí Mariama kú náà ni wọ́n sin ín, kò sí báńà, kò sí ariwo. Lẹ́yìn ìsìnkú ni àáfà kan sọ fún ọkọ rẹ̀, Alhaji Sàlísù, pé máláíkà kì í wọ ilé tí àwòrán bá wà. Ìbànújẹ́ ò jẹ́ kí Alhaji bèèrè lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo fótò Mariama tó wà nílé ló kó jọ, ti ìgbéyàwó, ti ọdún iléyá, ó sì dà wọ́n sínú iná kóólùpọ́ọ̀tù, àdògán eléèédú tó wà ní àgbàlá. Ohun tó kà sí ìwẹ̀nùmọ́ nígbà náà di egbò sí i lára nígbà tó yá. Láti ọjọ́ náà, kò pe orúkọ ìyàwó rẹ̀ mọ́.

Hajia Zùlàíkhà, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, ló tọ́ Sàlíhà dàgbà. Nígbà tí ọmọ náà bá bèèrè, èsì kan náà ni Hajia máa ń fún un.

"Ojú bàbá ẹ lo gbé wá sáyé, wallahi, kò sí tàbí-ṣùgbọ́n. Ṣùgbọ́n láti ọrùn wá sílẹ̀, Mariama ni ẹ́. Bó ṣe máa ń dúró gan-an nìyẹn."

Ohun tó sọ Sàlíhà di módẹ́ẹ̀lì nìyẹn, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá fi fótò rẹ̀ ránṣẹ́ sí i, á fi àtàǹpàkò bo ojú tirẹ̀, á máa wo èyí tó kù. Á gbìyànjú láti fi ojú kan sí ibi àtàǹpàkò náà, kò sì ní í rí ohun tó máa fi síbẹ̀. Àárò ẹni tí a mọ̀ ń dunni. Àárò ẹni tí a kò rí rí burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí èèyàn ò mọ ibi tí yóò gbé e lé.

Ló bá sọ fún Kwame pé kó máa lo ara òun lọ. Ó ní bó bá jẹ́ pé ó ń tu ọmọ òkú nínú, òun yọ̀ǹda rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni fóònù rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ojú rẹ̀ ló fi ń ṣí i tẹ́lẹ̀. Ó gbé e síwájú, fóònù mì tìtì, ó kọ̀. Ó nu gíláàsì, ó bọ́ síta nínú oòrùn, ó tún kọ̀. Nọ́ńbà ló padà tẹ̀ kó tó ṣí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní fóònù òun ti ń darúgbó. Ṣùgbọ́n bó ti ń tú ìborí rẹ̀ nílé, ó gbọ́ òórùn káńfọ̀ lọ́rùn ara rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ṣí àpótí aṣọ ẹni tó ti lọ. Nígbà tí wọ́n sin ìyá àgbà Ayigya tán, tí wọ́n ká báńà rẹ̀, fóònù ṣí wẹ́rẹ́, òórùn náà sì lọ.

Kwame tún lo ara rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Fóònù tún kọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Hajia Zùlàíkhà gbé orí sókè nídìí ìkòkò nígbà tí Sàlíhà wọlé, ó ní, "Sannu da zuwa, ẹ jókòó, àwọn ará ilé ń bọ̀." Ó tó ìgbà díẹ̀ kí ó tó pàtẹ́wọ́, kí ó rẹ́rìn-ín ara rẹ̀. "Haba, Sàlíhà ni! Ojú mi ti ń ṣú." Sàlíhà bá a rẹ́rìn-ín. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ó yé e dáadáa pé ojú òkú tí wọ́n gbé lé òun lọ́rùn ló ń lé ojú òun lọ díẹ̀díẹ̀, àti pé bí wọ́n bá ká báńà, tirẹ̀ á padà. Ẹlòmíràn á ti sá. Sàlíhà ò sá, torí èrò kan ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn: bí ọ̀nà bá wà tí ojú òkú ń gbà dé ọrùn òun, kí ló dé tí ti ìyá òun ò ní í gbà á?

Ọ̀sán ọjọ́ kan, Kwame jáde lọ ra èròjà ìtẹ̀wé, ó ní kó bá òun jókòó ti ṣọ́ọ̀bù. Fótò rẹ̀ kan wà lójú kọ̀ǹpútà, inú ìró àti bùbá búlúù ló wà níbẹ̀. Kwame ti gé orí kúrò, kò tíì fi nǹkan kan síbẹ̀. Funfun báláú ló wà lókè ọrùn. Sàlíhà wò ó títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fi ìka kan ibi funfun náà, ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ní Yorùbá.

"Màámi, ọrùn rèé. Ẹ wá gbé ojú yín lé e, kí n rí yín lẹ́ẹ̀kan péré. Ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi, ẹ gbà á."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kì í ṣe gbogbo ibi tó ṣófo ni kò sí ẹni níbẹ̀. Fáànù ń fẹ́ lórí rẹ̀, síbẹ̀ òórùn káńfọ̀ tó tún dé kò kúrò lójú kan.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Kwame pè é. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú mọ́ṣáláṣí. Ó ní kó máa bọ̀, pé ẹnì kan fi nǹkan sílẹ̀ fún un.

Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, Kwame dìde, ó rẹ́rìn-ín oníṣòwò. "Akwaaba, Maame. Ta lẹ ń wá?"

"Kwame, yé ṣàwàdà."

Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀. Ó wo ọwọ́ òsì Sàlíhà, ó rí àpá. "Sàlíhà," ló wí. Láti ìgbà yẹn, ọwọ́ náà ló ń bá sọ̀rọ̀, kò gbé ojú sókè mọ́.

"Obìnrin kan wá nígbà tí oòrùn mú. Ó borí, Twi àwọn ará zongo ló ń sọ. Ó ní kí n ya ojú òun, kí n gbé e lé aláṣọ búlúù. Mi ò tíì fi búlúù yẹn han ẹnikẹ́ni. Mo bi í pé orúkọ òkú wo ni kí n kọ, ó ní kí n má kọ nǹkan kan, ẹni tó ni ín á wá gbà á. Mo ní kó wo kámẹ́rà. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń wò." Kwame fa báńà kan yọ lábẹ́ tábìlì. "Nígbà tó lọ, àga tó jókòó sí tutù."

Ó tú báńà náà sílẹ̀.

Obìnrin inú rẹ̀ kéré lọ́jọ́ orí. Ó ní èjí, ó kọ pélé sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé kó má rẹ́rìn-ín. Orí bá ọrùn mu débi pé kò sí ojú àpá. Sàlíhà wò ó. Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi wá ojú yìí, ó wá dé iwájú rẹ̀ tán, kò mọ̀ ọ́n. Báwo ni yóò ṣe mọ̀ ọ́n? Ó lè jẹ́ Mariama, ó lè jẹ́ aláwàdà kan láti àdúgbò Sawaba. Èyí dùn ún ju àìrí lọ. Hajia á mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n lẹ́nu ẹni tó dáná sun gbogbo rẹ̀ ló ti fẹ́ gbọ́ ọ.

Ó ká báńà náà, ó gbé e léjìká, ó gbọ̀nà ilé wọn ní Moshie Zongo.

Alhaji Sàlísù wà lórí àpótí ní àgbàlá, ó ń ṣe àlùwàlá ìrun Aláásàrí. Hajia ti lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Kóólùpọ́ọ̀tù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, èédú inú rẹ̀ pọ́n. Sàlíhà sálámà, bàbá dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì ń bu omi sẹ́sẹ̀ lọ. Sàlíhà tẹ́ báńà náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

Kẹ́tùrù àlùwàlá bọ́ lọ́wọ́ bàbá. Omi ṣàn lọ sábẹ́ àpótí.

"Mariama," ló wí.

Ó ti tó ọdún mélòó tí orúkọ náà ti jáde lẹ́nu rẹ̀? Ó kúnlẹ̀ sínú omi, ó fi ìka tó tutù kan èjí náà, ó fi kan pélé. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. "Mo jó ẹ. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi jó ẹ, o sì tún wá." Sàlíhà ò rí i kí bàbá rẹ̀ sunkún rí. Ó wo ojú inú báńà lẹ́ẹ̀kejì, ó wá di ojú ìyá rẹ̀ lóòótọ́, ayọ̀ náà sì pọ̀ débi pé ó ń dùn ún láyà. Ìyá mi rèé. Bó ṣe rí nìyí.

Nígbà tó yá, Alhaji nu ojú rẹ̀, ó gbé orí sókè wo ọmọbìnrin tó dúró níwájú rẹ̀. Ó wò ó dáadáa, tìfẹ́tìfẹ́, bí èèyàn ṣe ń wo àlejò tó ṣe é lóore.

"Ọmọ mi, Ọlọ́run á san án fún ẹ. Ọmọ ta ni ẹ́ ní zongo yìí?"

Sàlíhà la ẹnu. Ohùn ò jáde. Àwọn tó wà lórí báńà kì í sọ̀rọ̀. Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀, bàbá sì fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó ń dúpẹ́, kò wo àpá. Ó yí ojú sí yàrá.

"Sàlíhà! Sàlíhà, jáde wá o. Wá wo ìyá rẹ."

Ẹnu ọ̀nà yàrá ṣófo. Afẹ́fẹ́ ń gbé aṣọ ìkélé rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Sàlíhà wo iná kóólùpọ́ọ̀tù. Kò jìnnà. Báńà ò ní í pẹ́ jó rárá, ojú rẹ̀ á sì padà wá bá a, bí ó ti ń padà lẹ́yìn ìsìnkú gbogbo. Bàbá rẹ̀ á mọ̀ ọ́n. Sàlíhà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di etí báńà mú.

Etí náà ti ń ká kò nínú omi. Kò gbé e lọ sínú iná, ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ dáadáa kí bàbá lè ríran. Ó wá jókòó tì í lórí ilẹ̀ tútù, àwọn méjèèjì jọ ń wo Mariama, wọ́n ń retí kí Sàlíhà jáde.