Ìyá Ahunṣọ Kọ Eyín Ojú-ẹsẹ̀

"Adúmáadán, okun o. Ta lẹ mú wá?"

Bí Cecilia ṣe kí àlejò rẹ̀ nìyẹn, kò dìde nídìí òfì. Ahunṣọ ni ní Ògìdì, eyín iwájú rẹ̀ kan sì ti ká. Lọ́jọ́ Sátidé ni ọmọ rẹ̀, Emmanuella, ń relé ọkọ. Cecilia ni yóò ki oríkì ọmọ náà lójú àwọn àna.

Juliet, àbúrò ọkọ Cecilia, tí Cecilia ń pè ní Adúmáadán, bú sẹ́rìn-ín. "Aṣeyín ni mo mú wá. Ìyàwó wa, ìpínlẹ̀ tuntun ni Kogi tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún yìí, ẹnu àlòkù lo ṣì ń gbé kiri! Ṣé o fẹ́ máa súfèé oríkì ni?"

Ọkùnrin aṣeyín tó tẹ̀ lé e wá ṣí àpótí. Eyín kún inú rẹ̀ bí àgbàdo. "Màmá, ẹ yanu. Mo máa lu ihò sínú egungun, mo máa ri irin mọ́ ọn, eyín á jókòó. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, ó ti parí."

Ayọ̀kẹ́mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n Cecilia, dókítà eyín tó ti Ìlọrin wá fún ìgbéyàwó náà, jáde láti inú ilé. "Ẹ̀gbọ́n aṣeyín, ṣé ẹ ti bi ìyá mi léèrè ohun tí wọ́n ń fi eyín ṣe?"

"Kí ni wọ́n tún ń fi ṣe ju kí wọ́n fi jẹ ẹran lọ?" Aṣeyín ló fèsì.

Níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ ni Cecilia tẹrí ba, tó fi eyín já òwú: pàú!

"Ẹ ò rí i? Ohun tó ṣe ti àkọ́kọ́ nìyẹn. Tuntun náà kò ní pẹ́ níbẹ̀." Ayọ̀kẹ́mi ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ó fọwọ́, ó wo ẹnu Cecilia. Èrìgì wú, ó ń ṣẹ̀jẹ̀. "Ìyá mi, kí ẹ tó ta òwú sórí òfì, kí lẹ kọ́kọ́ ń ṣe?"

"Mo ń bèèrè ẹni tó máa ró aṣọ ọ̀hún. Mo ń wọ̀n ọ́n."

"Bẹ́ẹ̀ náà leyín rí. Eyín tí a fẹ́ rí lókè, àti bó ṣe máa pàdé ti ìsàlẹ̀, la kọ́kọ́ ń gbèrò. Òun ló máa sọ ibi tí irin máa wọ̀. A ó tọ́jú èrìgì, a ó ya fọ́tò egungun, a ó yẹ ìtọ̀ ṣúgà wò. Bí egungun kò bá gba irin, eyín tó ṣeé yọ wà."

"Sátidé ńkọ́?"

"Kò lè ṣeé ṣe, ìyá mi. Oṣù mélòó kan ni."

Aṣeyín rẹ́rìn-ín. "Màmá, ojú á tì yín o!"

Cecilia dìde fùú. "Ojú ta ni? Ẹnu tí Olúwa fún mi, ihò kan kò tó láti pa á dé! N kò ta òwú láìwọ̀n rí. Orí egungun mi kọ́ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àìwọ̀n. Di àpótí rẹ!"

Ní Sátidé, ó dúró gbangba níwájú àwọn àna. "Emmanuella, ọmọ ahunṣọ, ọmọ a-wọ̀n-kó-tó-hun!"

Afẹ́fẹ́ súfèé gba ihò náà kọjá. Àna kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Cecilia kọjú sí i, ó tún un kì, ohùn rẹ̀ sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Hẹ̀ẹ́n!" Juliet ló pariwo. "Ìyàwó wa, súfèé ẹ lọ!"

Ẹ̀yin ará wa, ilé tí a bá fitọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń gbé àpótí kiri lu egungun ẹnu yín. Dókítà eyín ni kí ẹ lọ bá, kó wo gbogbo ẹnu, kó gbèrò tán kó tó mú irin. Ẹ sọ iṣẹ́ tí ẹ ń fi eyín ṣe fún un, ẹ má fi pamọ́. Ẹ̀yin ahunṣọ, àlùmọ́gàjí ni kí ẹ máa fi gé òwú. Bí wọ́n bá sì ní ojú á tì yín, ẹ yanu, ẹ dá wọn lóhùn.