Ẹni Tó Wà Lẹ́yìn Ògiri

Ìgbà kẹta nìyí tí Bernice yóò bá ìdajì oúnjẹ ọmọ rẹ̀ nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ìrẹsì àti ẹja díndín ni. Ọmọ náà bò ó dáadáa, ó sì gbé ife omi tì í, bí ẹni tó ń dá oúnjẹ sí de àlejò.

"Gbóyèga, ta lo dá èyí sí fún?"

"Ẹni tó wà níbẹ̀ yẹn ni." Ó na ìka sí ògiri. "Wọn kì í fún un lóúnjẹ, Màmá. Wọ́n tì í mọ́lé."

Bernice wo ògiri náà. Fúláàtì kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbé rí ló wà lódìkejì. Ó ti lé ní ọdún kan tí ìjọba ti ń pín ilé Festac fún àwọn òṣìṣẹ́, síbẹ̀ wọn kò tíì fún ẹnikẹ́ni ní kọ́kọ́rọ́ ti ẹ̀gbẹ́ wọn. Kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀, ó bẹ Tàjúdéènì, ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ àwọn ilé náà, pé kó ṣí i. Eruku ni wọ́n bá, ó tẹ́ lọ láti ẹnu ọ̀nà dé abẹ́ fèrèsé. Kò sí ojú ẹsẹ̀ kankan nínú rẹ̀, kódà ti eku.

"Ẹ rí i, Màdáámù, kò séèyàn," ni Tàjúdéènì wí. Ṣùgbọ́n òun náà kò wọlé. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí.

Bernice gbà pé igbó ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Olúgbóyèga. Akọ̀wé ni ní èbúté Àpápá kí igbó àti oògùn oníhóró tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àràárọ̀ ló ń gba ọ̀nà Abúlé Adó lọ, ibẹ̀ ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fà á. Tó bá dé, ojú rẹ̀ á ti pọ́n, á jókòó ti ògiri, á máa sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Á dákẹ́, á mi orí, á tún fèsì. Opó ni Bernice, ọmọ kan ṣoṣo tó bí náà nìyẹn.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, Bọ̀dá Gbádégẹṣin, wá láti Alákijà. Ó kan irin mọ́ ara ilẹ̀kùn yàrá Gbóyèga, ó sì fa àgádágodo tuntun yọ lápò.

"Ìyàwó, tì í mọ́bẹ̀. Tó bá ń pariwo, má dá a lóhùn. Tí igbó yẹn bá ti jáde lára ẹ̀, orí ẹ̀ á padà sípò."

Agara ti dá Bernice. Ó gba àgádágodo náà, ó fa ilẹ̀kùn mọ́ra. Ó kù díẹ̀ kó pa dé nígbà tí Gbóyèga sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ láti inú yàrá.

"Màmá, ó ní kí n béèrè nǹkan kan."

"Ta ni?"

"Ẹni ẹ̀yìn ògiri. Ó ní kí n bi Àǹtí Bẹ́ẹ̀ni bóyá kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ wọn."

Àgádágodo já bọ́ lọ́wọ́ Bernice.

"Ta ló ń jẹ́ Àǹtí Bẹ́ẹ̀ni?" ni Bọ̀dá Gbádégẹṣin bi í.

Èèyàn kan ṣoṣo ló pè é bẹ́ẹ̀ rí láyé. Nígbà tí Ọláníran, àbúrò rẹ̀, ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ, kò lè pe Bernice, Bẹ́ẹ̀ni ló ń pè, orúkọ náà sì mọ́ ọn lẹ́nu. Ní Ìkìrun, ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, orí Ọláníran dàrú. Bàbá wọn tì í mọ́ yàrá ẹ̀yìn láìsí oúnjẹ, láìsí omi, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí ìkáwọ́ Bernice. Tọ̀sán-tòru ló ń pè é: "Àǹtí Bẹ́ẹ̀ni, ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi." Ẹ̀rù bàbá ba Bernice, kò ṣí i. Títí ohùn náà fi dákẹ́. Wọ́n sin ín, wọn kò sì dárúkọ rẹ̀ mọ́ nínú ilé. Bernice kò sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ títí ọkùnrin náà fi kú.

Kò ti ilẹ̀kùn náà mọ́. Ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n wọ takisí lọ sí ilé ìwòsàn ní Yábàá. Dókítà obìnrin tó gbà wọ́n kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní àìsàn ọpọlọ ni, igbó ló ń dá kún un. Kó máa lo oògùn, kó jìnnà sí igbó, kí wọ́n má sì jẹ́ kó dá wà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n dá a dúró. Lọ́sẹ̀ kẹta, Gbóyèga ní òun kò gbọ́ ohùn kankan mọ́.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Bernice ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó ń ká aṣọ ọmọ rẹ̀ nínú yàrá. Nǹkan kan ha ògiri bí èékánná.

"Àǹtí Bẹ́ẹ̀ni."

Ohùn ọ̀dọ́ ni, ọ̀fun rẹ̀ gbẹ. Bernice kúnlẹ̀ sí ìdí ògiri, ó gbé ẹnu lé e. Oòrùn ọ̀sán wà níta, síbẹ̀ sìmẹ́ǹtì náà tutù débi pé ó ta á létè.

"Mo gbọ́, Ọláníran. Gbogbo ìgbà yẹn ni mo ń gbọ́ ẹ. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi, mi ò ṣí i."

Lódìkejì, ẹnì kan mí kanlẹ̀.

Gbóyèga padà wálé. Oògùn ń mú ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti mọ́. Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bernice jókòó tì í, ó ro ọ̀rọ̀ Ọláníran fún un, ó ń sunkún. Gbóyèga di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú.

"Mo mọ̀, Màmá. Ó ti sọ fún mi."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ó ní ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́. Kò bínú sí yín. Èmi ló wá bá. Ó ní tí ẹ bá tì mí mọ́bẹ̀, òun á jókòó tì mí títí di ọjọ́ kẹfà, torí ọjọ́ yẹn ló le jù."

Ọjọ́ kẹfà ni Ọláníran dákẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rò fún ọmọ rẹ̀, kò dárúkọ iye ọjọ́.