Elmas àti Ẹ̀wù Irin

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Elmas. Lónìí, òun, Kenan ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àti Baba Àgbà lọ ra búrẹ́dì.

Bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀, òjò dé. Wàà, wàà, wàà.

"Ẹ jẹ́ ká yà síbí," ni Baba Àgbà wí. Ó ṣí ilẹ̀kùn kékeré kan lẹ́yìn mọ́sálásí. Kíìì.

Ojoojúmọ́ ni Elmas ń kọjá níwájú ilẹ̀kùn yìí. Kò mọ ohun tó wà nínú ibẹ̀ rí.

Wọ́n wọlé. Àǹtí Şadiye ló ń tọ́jú ibẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, Baba," ni ó wí. "Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé rèé. Ohun ogun ìjọba Ottoman ayé àtijọ́ la kó síbí. Ó ti pẹ́ tí a ti rí àlejò. Ẹ jókòó, ẹ mu tíì. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa wò kiri."

Elmas rí idà lára ògiri. Ó tẹ̀ bí oṣù tuntun.

Elmas rí asà. Ó rí roboto bí àwo ńlá. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ àti òwú pupa ni wọ́n fi hun ún.

Elmas wọ yàrá kejì. Ohun kan dúró ní kọ̀rọ̀. Ó ní orí. Ó ní àyà. Ó ní apá méjì. Ṣùgbọ́n kò ní ojú.

Ṣìnrìn, ṣìnrìn.

"Ó ń mira," ni Elmas wí.

Kenan dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Jagunjagun ló wà nínú ẹ̀wù irin yẹn," ni ó wí. "Ọmọ tí kì í jẹ ẹ̀wà rẹ̀ tán ló máa ń gbé lọ."

"Irọ́ lò ń pa."

"Ṣáà lọ bi í."

Àyà Elmas ń lù kì-kì-kì. Ó wo ẹ̀yìn. Ó wo iwájú. Kò sá.

Ó sún mọ́ ọn díẹ̀.

Ṣìnrìn.

"Ẹ káàsán, Baba Ológun," ni Elmas wí.

Ó sún mọ́ ọn díẹ̀ sí i.

Atẹ́gùn fẹ́ wọlé láti ojú fèrèsé. Fúù. Ṣìnrìn, ṣìnrìn.

Elmas wo fèrèsé. Ó wo ẹ̀wù irin. Ó lọ ti fèrèsé náà. Gbàm.

Ó tẹ́tí sílẹ̀. Kẹ́kẹ́ pa.

Ó ṣí i. Fúù. Ṣìnrìn, ṣìnrìn. Ó tún tì í. Kẹ́kẹ́ pa.

"Atẹ́gùn ni," ni Elmas wí. "Àǹtí, ṣé ẹnì kankan wà nínú rẹ̀?"

"Ojú ara rẹ ni kí o fi wò ó," ni Àǹtí Şadiye wí. Ó wọlé wá, ó rọra gbé àṣíborí irin náà sọ̀kalẹ̀.

Elmas yọjú wo inú rẹ̀. Kò sí orí níbẹ̀. Aṣọ olówùú ló wà níbẹ̀, ó rọ̀ bí ìrọ̀rí.

"Ta ló rán an?"

"A ò mọ̀. Bóyá ìyá jagunjagun tó ń wọ̀ ọ́ ni. Kí irin má bàa dùn ún lórí."

"Ṣé ẹ̀rù máa ń ba òun náà?"

Àǹtí Şadiye rẹ́rìn-ín. "Bí ẹ̀rù ò bá bà á, kí ló fẹ́ fi gbogbo irin yìí ṣe?"

Elmas yíjú padà. Kenan ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú gírígírí.

"Wá wò ó," ni Elmas wí.

"Mò ń rí i láti ibí."

"O ò rí i."

"Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí."

Elmas lọ bá a. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà tutù.

"Sún mọ́ ọn díẹ̀," ni Elmas wí. Kenan sún díẹ̀.

"Díẹ̀ sí i." Kenan sún díẹ̀ sí i.

Ó yọjú wo inú àṣíborí. Ó wò ó, ó tún un wò. "Òfìfo ni," ni ó wí. Ó mí kanlẹ̀. Hùùù.

Òjò dá. Baba Àgbà dìde. "Ó yá, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Yàrá kan ṣì kù," ni Àǹtí Şadiye wí. "Ẹ̀wù irin tí ẹṣin ń wọ̀ lọ sógun ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n yàrá náà ṣókùnkùn díẹ̀."

Kenan wo Elmas. Elmas wo Kenan.

"Èmi ni màá ṣáájú," ni Elmas wí.

"Rárá," ni Kenan wí. "Jẹ́ ká jọ wọlé."

Wọ́n sì jọ wọlé.